Ọmọ mi kò lè dá jókòó, OT sì jìnnà sí wa. Kí la lè ṣe nílé?

Ìyá Ìtùnú (Ọjọ́ Ajé, aago 9 àárọ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́rin, kò tíì lè dá jókòó. Ní ọjọ́ kẹta tí mo bí i ni ojú rẹ̀ àti ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n ní kí n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí mo fi ń wé e, inú àpótí tí mo fi kàfúrà sí ni mo ti ń kó o. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, gìrì ti gbé e.

Dókítà ní cerebral palsy ni, pé ọpọlọ rẹ̀ ló farapa tí ara rẹ̀ kò fi ṣe bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí n máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí físíò àti OT máa rí i. Físíò, mo ti gbọ́ ọ rí. OT ni n kò mọ̀. Mọ́tò méjì àti ọ̀kadà kan ni láti ilé wa débẹ̀. Ẹ̀kọ ni mò ń tà, ọjọ́ tí mo bá sì lọ, ọjà ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ẹni tó ń ṣe OT níbẹ̀ ti lọ sí òkè òkun, wọn kò sì tíì rí arọ́pò. Mo pọn ọmọ mi, mo padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ OT yìí gan-an? Ṣé ohun kan wà níbẹ̀ tí èmi fúnra mi lè kọ́? Orí ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí tí mo bá ń rọ ọ́ ní ẹ̀kọ, ó sì máa ń sín, á máa wú ikọ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, aago 10 àárọ̀)

Ẹ kú àmúmọ́ra, Màmá. OT, ìyẹn occupational therapy, ni mò ń kọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọdún kẹrin ni mo wà. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá tèmi nìyí. Dókítà á wá àrùn rí, á tọ́jú rẹ̀. Físíò á ṣiṣẹ́ lórí iṣan àti oríkèé kí ara lè gbé ara. OT á béèrè pé: láti ìgbà tí ẹni yìí bá ti jí títí yóò fi sùn, kí ló yẹ kó máa ṣe tí kò rí ṣe? Oúnjẹ jíjẹ ni, ara wíwẹ̀ ni, eré ni, ìwé ni, ọjà ni. Á wá wá ọ̀nà tí onítọ̀hún á fi rí i ṣe. Ó lè jẹ́ ara ni yóò kọ́ níṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ohun èlò tàbí ilé ni yóò tún ṣe kó lè bá ara mu.

N kò tíì gba ìwé àṣẹ, n kò sì fẹ́ sọ ohun tó lè pa ọmọ lára. Mo ti ké sí ẹ̀gbọ́n wa kan, wọ́n á dá yín lóhùn.

Olùtọ́jú Ìgbèríko (Ọjọ́ Ajé, aago 2 ọ̀sán)

Ìyá Ìtùnú, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ OT. Kí n tó sọ ohunkóhun: ẹ má di ẹ̀bi yìí ru ara yín. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan kì í gba kàfúrà, ńṣe ló máa ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ibà pọ́njú náà á wá le débi tí yóò fi dé ọpọlọ. Iná aláwọ̀ búlúù ti ilé ìwòsàn ló máa ń ràn án, agbára oòrùn àárọ̀ kò tó o. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin aboyún tó ń kà á níbí, ẹ kó kàfúrà kúrò láàárín aṣọ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni kí a kọ́kọ́ mú, torí ìyẹn kò ní dúró di ọ̀la. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ rọ ọ́ mọ́. Bí orí bá wó sẹ́yìn, oúnjẹ á gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ikọ́ àti ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ ti ń wá. Ẹ gbé e jókòó sórí itan yín, kí apá yín ti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ṣíbí kékeré ni kí ẹ lò. Ẹ gbé e sí àárín ahọ́n, kí ẹ dúró kó gbé e mì kí ẹ tó bu òmíràn. Ẹ̀kọ tó ki díẹ̀ rọrùn fún un ju omi ṣíṣàn lọ. Bí ó bá ṣì ń wú ikọ́ lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e lọ rí dókítà.

Ẹ máa pọ̀n ọ́n. Mo mọ̀ pé ó ti wúwo, ṣùgbọ́n bó ṣe ya itan sí ẹ̀yìn yín yẹn ń ṣe é lóore, torí ẹsẹ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ dì mọ́ ara wọn.

Ó wá ku ìjókòó. Kò dìgbà tí ẹ bá ra àga olówó ńlá. Páálí la fi ń ṣe é. Láti Zimbabwe ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bevill Packer ti tan ọ̀nà yìí kálẹ̀, mo sì ti lò ó fún ọmọ tó pọ̀. Ẹ gba páálí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta Indomie. Ẹ se sítáàṣì tí a fi ń na aṣọ kó ki bí ògì gbígbóná, ẹ fi lẹ páálí mọ́ra, ìpele lórí ìpele. Bí ilà inú páálí kan bá dúró lóòró, kí ti èyí tó tẹ̀ lé e dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e mọ́jú. Lẹ́yìn náà ẹ ó gé e, ẹ ó tò ó bí àga, ẹ ó fi bébà wẹ́wẹ́ bò gbogbo etí rẹ̀, ẹ ó sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dénú. Tó bá gbẹ, ẹ kùn ún ní ọ̀dà kí ìtọ̀ má bàa wọ inú rẹ̀. Kí àgbàlagbà kọ́kọ́ gun orí rẹ̀ dúró. Bí kò bá gbé àgbà, a kì í gbé ọmọ sí i.

Ẹ má tíì gé nǹkan kan o, títí ẹ ó fi fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí mi. Ìbéèrè kan ni mo ní ná: kí ni ẹ fẹ́ kí Ìtùnú máa ṣe tó bá ti lè jókòó?

Ìyá Ìtùnú (Ọjọ́ Ajé, aago 8 alẹ́)

Mo fẹ́ kó jókòó tì mí nídìí ẹ̀kọ. Inú yàrá ló máa ń wà látàárọ̀, òun àti ògiri. Tí mo bá wọlé, ó máa ń rẹ́rìn-ín títí ara rẹ̀ á fi le gbagidi. Ojúde ni mo fẹ́ kó wà, kí àwọn èèyàn máa kí i.

Físíò Ìbàdàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7 àárọ̀)

Mo kí gbogbo yín. Ìyá Ìtùnú, ohun tí ẹ fẹ́ yẹn dára púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Olùtọ́jú, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n àyà mi ń já. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló máa ka ohun tí ẹ kọ. Ẹnì kan á gé páálí láìwọn ọmọ, àga á fẹ̀ jù, ọmọ á wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, eegun ẹ̀yìn á tẹ̀. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ́ débi pé èémí kò já gaara mọ́. Mo ti rí ibi tí àga họ ìdí ọmọ di egbò. Láti 1988 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwa olùtọ́jú sílẹ̀, ìyẹn MRTB, nítorí pé ọwọ́ tí kò mọṣẹ́ lè ba ara jẹ́. Tí a bá ń pín iṣẹ́ yìí fún ẹni gbogbo, kí ló máa mú ìjọba gba àwa tó kọ́ ọ sí ìjọba ìbílẹ̀?

Olùtọ́jú Ìgbèríko (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ yín lórí ìwọ̀n, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n má tíì gé nǹkan kan. Kí ìdí kan ẹ̀yìn àga pátápátá, kí ìbàdí àti orúnkún ká bí igun àpótí, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ohun kan, kí ìgbànú wà ní ìbàdí, kó má jẹ́ ní ikùn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ wò ó kẹ́yìn.

Ibi tí a ti yà ni ti ẹni gbogbo. Láti ìgbà ìpàdé lórí ìlera tí wọ́n ṣe ní Alma-Ata ní 1978 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ń sọ pé kí ìtọ́jú àwọn akanda ẹ̀dá wà láàárín ìlú wọn, kí a kọ́ ará ilé, kí a kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ládùúgbò, kí ẹni tó kàwé rẹ̀ máa bójú tó wọn. Iye àwa tó wà kò kárí olú ìlú, áńbọ̀sì oko. Ìtùnú ti lo ọdún mẹ́rin nínú yàrá. Ẹ̀yìn tó dùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́rin náà ń wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, wọ́n gbé bàbá àgbẹ̀ kan wá tí rọpárọsẹ̀ mú ní ọwọ́ ọ̀tún. Mo gbé ohun tí wọ́n fi kọ́ wa síwájú wọn: pákó tó ní ihò àti igi róbótó tí a ó máa kì bọ̀ ọ́, àwọ̀ pupa, àwọ̀ búlúù. Bàbá wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, eré ọmọdé lo gbé fún mi." Wọn kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wá wọn lọ sílé. Ìdí ilé ni mo ti rí àdá wọn, wọ́n ti fi epo pa á kó má dípẹtà. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo wé e mọ́ èèkù àdá náà títí tó fi nípọn tó ọwọ́ wọn á fi lè dì í. Ewé ẹ̀yìnkùlé la fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó kọ̀ láti di igi aláwọ̀ pupa mú di àdá mú. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní èyí nílé ìwé, bàbá náà ló kọ́ mi.

Àgbà Ẹ̀gbá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Ohun tí ẹ ń bá ara yín jà lé lórí yìí, wọ́n ti ṣe é níbí rí, ojú mi ló ṣe.

Abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arò, l'Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti bí mi. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ fún àwọn alárùn ọpọlọ. Ìgbà yẹn, ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, ìlẹ̀kùn ni wọ́n máa ń tì mọ́ wọn. Lámbò ní kí wọ́n máa gbé lábúlé pẹ̀lú àwa tí ara wa yá. Aláìsàn kò sì gbọdọ̀ dá wá, ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, òun ni yóò máa dáná fún un. Àárọ̀ ni wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Tó bá dọ̀sán, wọ́n á bá wa lọ sóko, wọ́n á bá wa ṣeré, wọ́n á bá wa jókòó sí ìnáwó. Ó tún fa àwọn onísègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Bàbá mi wà lára àwọn tó ń gbà wọ́n sílé. Mo rántí ọkùnrin kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n mú un dé. Bàbá fún un ní ọkọ́, wọ́n fún un ní ìdí poro méjì. Ẹgẹ́ ló gbìn sí i. Lójoojúmọ́ ló ń lọ wò ó. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ ẹnì kan wọ inú ẹgẹ́ náà ni a kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń lé ewúrẹ́, ó ń pariwo. Ìyá mi dìde, wọ́n ń jó. N kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń pè ní OT nìyẹn, òní ni mo mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Ọjọ́rú, aago 6 àárọ̀)

Màmá mi ni rọpárọsẹ̀ kọlù lọ́dún tó kọjá, apá òsì. Èmi ni mo ń wọṣọ fún wọn, ojú sì máa ń tì wọ́n, wọ́n á yíjú sí ògiri. Ṣé ọ̀nà kan wà?

Olùtọ́jú Ìgbèríko (Ọjọ́rú, aago 7 àárọ̀)

Ó wà. Kí wọ́n jókòó sí àga tó le, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Apá òsì tí kò lágbára ni kó kọ́kọ́ wọ bùbá, kí ọwọ́ ọ̀tún fà á gòkè dé èjìká, kí orí tẹ̀ lé e, kí apá ọ̀tún kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń bọ́ ọ, apá ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ jáde, kí òsì kẹ́yìn. Ẹ wá bùbá tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi hàn wọ́n, ẹ jáde kúrò nínú yàrá. Ó lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má kánjú wọlé. Tí wọ́n bá ń jẹun, ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kó má bàa máa yọ̀ sá.

Télọ̀ Òṣogbo (Ọjọ́rú, aago 11 àárọ̀)

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àná. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú mi kí n tó pé ọdún mẹ́ta. Ní 2020 ni wọ́n kéde pé irú àrùn náà tí wọ́n ń pè ní wild polio ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwa tó ti mú ṣì wà láyé. Láti kékeré mi títí di òní, dókítà ti wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ti wọn ẹsẹ̀ mi, wọ́n ti fún mi ní ọ̀pá. Kò sí ẹnì kan tó bi mí pé, kí lo fẹ́ fi ayé rẹ ṣe?

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo fẹ́. Ọ̀gá mẹ́ta ló kọ̀ mí, torí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wa máṣíìnì. Ọ̀gá kẹrin, ìyá àgbà kan, ló gbé máṣíìnì ọlọ́wọ́ tó ti pẹ́ jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ ọ̀tún ń yí i, òsì ń darí aṣọ. Ó gbé e sórí tábìlì tó rẹlẹ̀ kí n lè jókòó sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Ìyá yẹn kò kàwé. Lónìí mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin.

Òfin kan wà, ti 2018, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2019. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ ya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀. Ó ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ irú wa. Ó fún àwọn ilé gbogbogbòò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Ilé ìwòsàn tí mo ń lọ, àtẹ̀gùn mọ́kànlá ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ń fi ìdí wọ́ gun ún.

Tí ẹ bá ń kọ́ àwọn OT tuntun, ẹ mú wọn wá sọ́dọ̀ irú àwa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ti máṣíìnì mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi náà lè kọ́ wọn.

OT Manchester (Ọjọ́rú, aago 9 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ilé ẹ̀kọ́ OT ti ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì ni mo ti kọ́ṣẹ́, mo ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún mẹ́fà, kí n tó wá síbí. Ìyá Ìtùnú, kì í ṣe èmi ni ẹni tí wọ́n ní ó lọ yẹn, ṣùgbọ́n irú mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Níbí, mo máa ń lọ wo ilé aláìsàn kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Mo máa ń wọn gíga bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti àga ìgbọ̀nsẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri. Nílé, ọdún mẹ́fà tí mo fi ṣiṣẹ́, n kò wọ ilé aláìsàn kan rí. Kò sí owó mọ́tò, kò sí ẹni tó ní kí n lọ. Orí tábìlì kan nínú yàrá kan ni gbogbo iṣẹ́ mi wà. Ohun tó mú mi lọ kì í ṣe owó nìkan.

Mo lè máa bá ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú àga yẹn wo fọ́tò àti ìwọ̀n lórí WhatsApp lálaalẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, aago 8 àárọ̀)

Àjọ OT lágbàáyé, WFOT, ní akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ó kéré tán 1,000 wákàtí lẹ́nu iṣẹ́ kó tó gboyè. Mo ṣírò tèmi lálẹ́ àná. Gbogbo èyí tí mo ti ṣe, ilé ìwòsàn ńlá ni. N kò tíì lo wákàtí kan lábúlé, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹ̀gbọ́n Físíò, ẹ̀rù tí ń bà yín yẹn, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí a ti kọ́ wa pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ti bá olùkọ́ wa kan sọ̀rọ̀, wọ́n ní bí Ẹ̀gbọ́n Olùtọ́jú bá gbà láti máa bójú tó mi, wọ́n á jẹ́ kí ìsinmi mi tó ń bọ̀ kà mọ́ ọn.

Físíò Ìbàdàn (Ọjọ́bọ̀, aago 12 ọ̀sán)

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ ké sí mi. Èmi náà fẹ́ fojú ara mi wo ẹ̀yìn ọmọ náà.

Ìyá Ìtùnú (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo fi ìwọ̀n ránṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n sì yàwòrán rẹ̀ padà sí mi. Àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ káfíńtà ló bá mi gé e. Ó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́fà. Àbúrò náà gun orí rẹ̀, ó fò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò yẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, Ìtùnú ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo gbé e kúrò. Ọjọ́ kejì, ó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ní báyìí ó ń lo bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nídìí ẹ̀kọ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Àga náà ní pákó kékeré níwájú, mo máa ń to ewé sí i. Ó ń fa ewé ya, mo jẹ́ kó máa fà á. Ní àná, oníbàárà mi kan na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ìtùnú, fún mi léwé." Apá rẹ̀ gbọ̀n lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó pẹ́, obìnrin náà kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ewé náà dé ọwọ́ rẹ̀.

Ikọ́ ti dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n ó ń fì sí apá òsì, pàápàá tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́.

Olùtọ́jú Ìgbèríko

Ẹ ká táwẹ̀lì róbótó kan sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, láti ìbàdí dé abẹ́ apá, kó má le jù. Ẹ má jẹ́ kó jókòó ju ogún ìṣẹ́jú lọ títí a ó fi rí i, kí ẹ sì máa wo ìdí rẹ̀ bóyá ó pọ́n. Èmi, Akẹ́kọ̀ọ́ àti Físíò ń bọ̀ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ìyá Ìtùnú

Ẹ ó bá wa nílé. Tí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ níbi ọlọ́kadà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ. Ojúde la wà, èmi àti Ìtùnú.